Bàálù wọn àti ìbò wọn: ìdáhùn fún ẹni tó ń bínú sí aṣòfin tó dìbò fún

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dìbò fún aṣòfin kan torí ọ̀rọ̀ àyíká tó ń sọ. Èmi fúnra mi ti ta mọ́tò mi, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti wọ bàálù kẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kà á pé láàárín oṣù kan péré, ìgbà mọ́kànlá ni aṣòfin yìí wọ bàálù, tí mọ́tò ńlá mẹ́ta sì ń dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní iṣẹ́ òṣèlú ló fà á. Ṣé ó ń fi wá ṣeré ni, àbí iṣẹ́ òṣèlú lè fà á lóòótọ́? Ṣé kí n tún dìbò fún un?"

Ìdáhùn:

Ìbínú yín tọ́. Ẹni tó ta mọ́tò rẹ̀ torí ohun tó gbà gbọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ pé kí ni òun náà fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ má ì parí ìdájọ́ yín sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin, tí mò ń bá wọn ka àbádòfin tó jẹ mọ́ omi, igbó, èéfín àti iná mànàmáná. Ibi tí mo ti rí olóṣèlú tó gba àyíká là, tí mo sì ti rí èyí tó tà á, kì í ṣe ibi tí kámẹ́rà wà. Ìdí tábìlì ìgbìmọ̀ ni, lóru, nígbà tí àwọn oníròyìn ti lọ sùn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn òru yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Àbádòfin kan wà níwájú ìgbìmọ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ìlà kan péré ló sì jẹ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀: "Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wọn ìdọ̀tí tó ń dà sínú odò, kí ó sì máa kéde rẹ̀ lóṣooṣù." Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n gbé ìwé tuntun wá, wọ́n ní àṣìṣe ìtẹ̀wé díẹ̀ ni àwọn tún ṣe. Mo fi ìka tọ ọ́ ní ìlà-ìlà. Nígbà tí mo débẹ̀, "gbọ́dọ̀" ti di "lè". Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè máa wọn ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n pààrọ̀, òfin sì ti di ìmọ̀ràn.

Aṣòfin méjì ló wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àyíká. Ọ̀kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé ìgbìmọ̀. Àwòrán rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ló wà lára pátákó ìpolongo rẹ̀, kì í sì í ṣe àwòrán lásán, torí pé lójò lẹ́ẹ̀rùn, kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló ń gùn. Èkejì, obìnrin ni. Agbègbè tó ń ṣojú fún jìnnà. Bàálù ló ń gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, bàálù ló ń gbé e padà lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sì ti bú u nínú ìwé ìròyìn torí rẹ̀ títí ó fi sú u. Mo fi ìlà yẹn han àwọn méjèèjì. Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ mí kanlẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń pa awọ láró kan wà ní agbègbè òun, ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí òun pé bí òfin náà bá le, àwọn á kó lọ. "Lè" ló dìbò fún. Mi ò pè é ní ènìyàn burúkú. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbé ọwọ́ sókè. Obìnrin yẹn ní kí n bá òun fagi lé ìrìn àjò ọjọ́ kejì. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, títí aago kan ààbọ̀ òru fi kọjá. Nígbà tí wọ́n tún ìbò náà dì, ìbò kan péré ni "gbọ́dọ̀" fi padà sípò rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé olóṣèlú kan fẹ́ràn àyíká, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tó wà nígbà tí wọ́n ń dìbò.

Ẹ jẹ́ ká tún fi ìṣirò wò ó, torí ojú máa ń tan ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní olóṣèlú kan ń rin kìlómítà 200,000 lọ́dún nínú bàálù tí gbogbo èrò ń wọ̀. Ìrìn àjò yẹn tó kó yí ayé po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìpín tirẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ayé gbóná, tí àwọn bàálù wọ̀nyẹn tú síta kò ní ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30 lọ. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń fi èédú pèsè iná, tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 1,000, ń tú bíi mílíọ̀nù márùn-ún tọ́ọ̀nù síta lọ́dún kan. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé ìbò tó bá mú kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kógbá wọlé ní ọdún kan ṣáájú àkókò rẹ̀, tí iná tó mọ́ sì rọ́pò rẹ̀, dọ́gba pẹ̀lú ìrìn àjò ọdún kan olóṣèlú tó lé ní 160,000. Ìbò tó bá sì fi ọdún kan kún ẹ̀mí rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọwọ́ tí olóṣèlú fi ń buwọ́ lùwé wúwo ju ẹsẹ̀ tó fi ń wọ bàálù lọ, ìwúwo náà sì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Bàálù àdáni yàtọ̀ o. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ Transport & Environment gbé jáde ní Yúróòpù ní 2021 fi hàn pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ní ìlọ́po márùn-ún sí ìlọ́po mẹ́rìnlá ju ẹni tó wọ bàálù èrò lọ, àti ní ìlọ́po àádọ́ta ju ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹ wádìí irú èyí tí aṣòfin yín wọ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn lè yí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ padà.

Ó wá kan ohun tí ẹ béèrè gan-an: ṣé iṣẹ́ òṣèlú lè fà á? Ó lè fà á. Mo tọ́jú ìwé ìrìn àjò aṣòfin kan fún ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n ṣí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan fún yín. Aago mẹ́fà àárọ̀, rédíò. Aago mẹ́jọ, ìpàdé ẹgbẹ́. Aago mẹ́wàá, ìjókòó ilé. Lọ́sàn-án, àwọn òbí tí omi ya wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn dé láti agbègbè rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi rìn kí wọ́n tó débẹ̀, kò sí bó ṣe lè ní òun ò ráàyè. Aago mẹ́ta, ìgbìmọ̀. Aago méje alẹ́, àwọn ará ìlú ti kún gbọ̀ngàn kan tó jìnnà ní kìlómítà 400, òun ni wọ́n sì ń dúró dè. Inú àpò mi ni àbádòfin olójú ewé 90 wà, èyí tí wọ́n máa dìbò lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló rí fi kà á, nínú bàálù.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yẹn ṣì ń dùn mí. Àwọn ènìyàn ń ka iye epo tí bàálù jó, àmọ́ ohun tí ìgbésí ayé òṣèlú ń jó jù ni àkókò ìrònú. Aṣòfin tí kò ráàyè ka ìwé á gbára lé ẹni tó ti kà á, ẹni tó sì máa ń ti kà á dáadáa ni ẹni tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń san owó oṣù fún láti kà á. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ, ó mú ìwé olójú ewé méjì dání tó ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yéni, ó sì ti bá ọ kọ àtúnṣe tó fẹ́ síbẹ̀ kí o má bàa ṣe wàhálà. Kò fún ọ ní rìbá kankan. Ìrànlọ́wọ́ ló ṣe fún ọ, ó sì ti rẹ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni "gbọ́dọ̀" ṣe ń di "lè". Bí mo bá láṣẹ láti yí ohun kan ṣoṣo padà nínú ayé àwọn aṣòfin, mi ò ní fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì bàálù rárá. Màá fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní akọ̀wé méjì tó mọ iṣẹ́ àyíká, tí ìjọba ń san owó wọn, màá sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìbò lórí ìwé tí kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta níwájú rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní dandan ló jẹ́ dandan. Ìdánwò tí mo máa ń lò ni kí n béèrè pé bí a bá mú nǹkan yìí kúrò, ṣé iṣẹ́ ló máa bàjẹ́ ni, àbí ìgbádùn ló máa dín? Bí ẹ̀ṣọ́ bá wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ti ń halẹ̀ mọ́ pé àwọn máa pa á, iṣẹ́ ni. Ìpàdé tí orílẹ̀-èdè méjìlélọ́gọ́fà wà, tí olórí kan kò lè fi fóònù ṣe, iṣẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2021, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba Britain nígbà náà gba àwọn olórí ayé lálejò ní Glasgow fún ìpàdé COP26 lórí ìyípadà ojú ọjọ́. Ó kìlọ̀ fún wọn pé àkókò ti ń lọ, lẹ́yìn náà ló wọ bàálù àdáni padà sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti lè gbé e dé ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Àwọn agbẹnusọ rẹ̀ ní àkókò ló fà á. Ó padà hàn síta pé ó lọ jẹun alẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ tí bàálù kan yẹn bàjẹ́ kò tó nǹkan. Ohun tó bàjẹ́ ní ọkàn àwọn tó gbọ́ ọ ló pọ̀.

Ibí yìí ni mo ti kúrò lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń sọ pé ìwà olóṣèlú kò kan ẹnikẹ́ni, pé òfin nìkan ló ṣe pàtàkì. Òfin àyíká tó bá ní láárí máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ènìyàn: owó díẹ̀, ìrọ̀rùn díẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà ṣe nǹkan láti ìgbà èwe wọn. Kò sí ẹni tó máa fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tí kò fọkàn tán. Ìjọba Emmanuel Macron ní ilẹ̀ Faransé rí èyí ní 2018. Wọ́n fẹ́ fi owó orí kún epo mọ́tò láti oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní torí àyíká ni. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti fagi lé owó orí tí àwọn olówó ń san lórí gbogbo ọrọ̀ wọn, tí wọ́n sì fi mọ sórí ilé àti ilẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń gbé ní ìgbèríko, tí kò sí bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbọ́ ìròyìn méjèèjì papọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, àwọn tó lé ní 280,000 wọ ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò bọ́ sí ojú títì. Kí oṣù Kejìlá tó parí, owó orí náà ti di ohun ìgbàgbé.

Mo fẹ́ràn ohun tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà sọ ọ́. Wọ́n fi ìbò àìmọtẹ́lẹ̀ mú 150 ará ìlú, àgbà, ọ̀dọ́, òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, wọ́n kó wọn jọ láti oṣù kẹwàá 2019 títí di oṣù kẹfà 2020, wọ́n ní kí wọ́n sọ bí orílẹ̀-èdè ṣe lè dín èéfín rẹ̀ kù láì fìyà jẹ tálákà. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n fòfin de bàálù láàárín ìlú sí ìlú níbi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti lè dé láàárín wákàtí mẹ́rin. Nígbà tí ìmọ̀ràn yẹn fi gba ọwọ́ àwọn olóṣèlú kọjá, wákàtí mẹ́rin ti di méjì ààbọ̀, nígbà tí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀nà mẹ́ta péré ló kàn, kò sì fọwọ́ kan bàálù àdáni. Ẹ kíyè sí i: àwọn ará ìlú tó jókòó, tí wọ́n ráàyè ronú fún oṣù mẹ́sàn-án, múra tán láti fi nǹkan sílẹ̀ ju àwọn aṣòfin wọn lọ. Oṣù díẹ̀ ṣáájú rògbòdìyàn yẹn, Nicolas Hulot tó jẹ́ mínísítà àyíká wọn ti fipò sílẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ 2018, láìsọ fún olórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ máa purọ́ fún ara òun mọ́.

Bí ẹ bá wá rò pé olóṣèlú tó ń gbé ìgbé ayé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni gbogbo oògùn rẹ̀, ẹ wo José Mujica, ààrẹ Uruguay láti 2010 sí 2015. Inú oko rẹ̀ ló ń gbé, kò kó lọ sí ilé ààrẹ. Mọ́tò Volkswagen ìjàpá ti ọdún 1987 ló ń wà, ó sì ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù rẹ̀ tọrẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn dọ́kàn. Síbẹ̀ ìjọba rẹ̀ ló ti ètò ìwakùsà irin ńlá kan lẹ́yìn, èyí tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùdáàbòbò àyíká bá jà, tí kò sì padà wáyé. Ohun tó sọ Uruguay di orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná rẹ̀ ń ti ara omi, afẹ́fẹ́, oòrùn àti àjẹkù oko wá kì í ṣe mọ́tò ìjàpá. Ètò kan ni, tí ìjọba Tabaré Vázquez tó ṣáájú rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2008, tí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nílé aṣòfin sì fọwọ́ sí ní 2010, kí ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ọ̀la má bàa tú u ká. Mujica bá a, ó sì jẹ́ kó máa lọ. Nínú òṣèlú, kí ènìyàn má fọwọ́ ba iṣẹ́ rere ẹni tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ jẹ́ ìwà àgbà tí wọn kì í sábà yìn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, torí pé òfuurufú kọ́ ni ìṣòro ńlá tí iṣẹ́ òṣèlú ní pẹ̀lú àyíká wà. Inú kàlẹ́ńdà ló wà. Sáà olóṣèlú jẹ́ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí a bá tú síta lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ máa wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹni tó bá gbin nǹkan lónìí lè má sí lórí àga nígbà tó bá so, ẹni tó sì bá san owó rẹ̀ lónìí kò ní gbàgbé títí di ọjọ́ ìdìbò.

Mo ní àpẹẹrẹ méjì tí mo máa ń gbé síwájú àwọn aṣòfin tuntun, torí wọ́n jọra bí ìbejì, ibi tí wọ́n parí sí sì yàtọ̀. Ní Australia, Julia Gillard tó jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ nígbà náà ṣèlérí kí ìdìbò 2010 tó wáyé pé kò ní sí owó orí kábọ́ọ̀nù lábẹ́ ìjọba òun. Nígbà tí ìbò kò tó, ó ní láti bá àwọn Greens, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún àyíká, ṣe àdéhùn, iye owó lórí kábọ́ọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje 2012, dọ́là 23 ti ilẹ̀ wọn lórí tọ́ọ̀nù kan. Ìjọba rẹ̀ dín owó orí àwọn tí owó wọn kéré kù kí ara má bàa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn rí ni ìlérí tó yẹ̀ àti ìwé owó iná. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn yọ ọ́ ní 2013, ìjọba mìíràn wọlé, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní oṣù keje 2014.

Ní Stockholm, olú ìlú Sweden, Annika Billström tó jẹ́ olórí ìlú náà ti ṣèlérí ṣáájú ìdìbò 2002 pé kò ní sí owó tí mọ́tò máa san láti wọ àárín ìlú. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn Greens ilẹ̀ wọn ṣe nílé aṣòfin orílẹ̀-èdè mú kó yẹ̀ ẹ́. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò láti ọjọ́ 3 oṣù kìíní sí ọjọ́ 31 oṣù keje 2006, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn ará ìlú dìbò lé e lórí. Mọ́tò tó ń kọjá ẹnubodè náà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ènìyàn ń fojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà tó ṣófo. Nígbà tí wọ́n dá owó náà dúró ní ìparí oṣù keje, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ padà wá. Nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn ará ìlú náà dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n yọ ẹgbẹ́ Billström kúrò lórí àga. Àwọn alátakò tó gbapò ṣì gbé owó náà padà ní oṣù kẹjọ 2007, ó sì wà títí di òní.

Ẹ wò ó, obìnrin méjì yẹ ìlérí, àwọn méjèèjì pàdánù ipò. Òfin ọ̀kan kú, ti èkejì yè, torí pé àwọn ará Stockholm fara wọn mọ àǹfààní rẹ̀ kí wọ́n tó ní kí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí aṣòfin bá bi mí léèrè ohun tó lè ṣe nínú ọdún mẹ́rin, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn: jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n tó san owó rẹ̀ tán.

Ọ̀nà kejì ni kí olóṣèlú fi òfin de ara rẹ̀ àti àwọn tó ń bọ̀. Britain ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008 nígbà tí wọ́n ṣe Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́: ìjọba tó wà nípò gbọ́dọ̀ yan ìwọ̀n èéfín fún ọdún márùn-márùn-ún, kí wọ́n yàn án ní bíi ọdún méjìlá ṣáájú, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe olóṣèlú sì ń wò wọ́n lọ́wọ́. Ní 2012, nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn ló ń ti ara èédú wá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n pa ilé iṣẹ́ èédú tó kù, ti Ratcliffe-on-Soar. Olórí ìjọba mélòó ni wọ́n ti pààrọ̀ láàárín rẹ̀! Kì í ṣe pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣeé wó. Ní 2025 olórí ẹgbẹ́ Conservative ní bí àwọn bá wọlé, àwọn á fagi lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wó o ní láti ṣe é ní gbangba, kí gbogbo ènìyàn rí i, ìyẹn sì yàtọ̀ sí kí ènìyàn yọ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan lóru.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ aṣòfin yín. Ìgbà mọ́kànlá lóṣù kan. Mi ò lè dá a láre, mi ò sì lè dá a lẹ́bi láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ má bú u, torí ìwé èébú kì í dé orí tábìlì wọn. Èmi ni mo máa ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ẹ bi í pé nínú mọ́kànlá yẹn, mélòó ni ọkọ̀ ojú irin tàbí ìpàdé orí fóònù lè rọ́pò rẹ̀, mélòó ló sì jẹ́ bàálù àdáni. Ẹ bi í pé kí ni àwọn mọ́tò mẹ́ta yẹn wà fún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ó dárúkọ ìbò kan, ẹyọ kan péré, tó dì fún àyíká nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí àwọn tó ń fún un lówó ìpolongo, tàbí ẹ̀yin ará agbègbè rẹ̀ gan-an, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó sì sọ ohun tí ìbò náà ná an.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ yẹn rí kì í ronú pẹ́ kó tó dáhùn, torí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ẹni tí kò bá ṣe é rí á fi ìwé ìròyìn nípa àfojúsùn rẹ̀ fún ọdún 2050 ránṣẹ́ sí yín. Bí ó bá jẹ́ èkíní ni ó ṣe, ẹ dìbò fún un, kí ẹ sì máa bínú sí i lórí bàálù. Ó yẹ kí ó máa gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ èkejì ni, ẹ wá ẹlòmíràn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ibi iṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mọ́tò tí ẹ tà kò já mọ́ nǹkan. Mo ti wà nínú yàrá tí aṣòfin ti ń bèèrè pé, "Ṣé àwọn ènìyàn á gbà?" Irú lẹ́tà yín la máa ń mú jáde láti dá a lóhùn. Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ igi gbígbìn pẹ̀lú àwọn obìnrin ìgbèríko Kenya ní 1977, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí ó tó wọ ilé aṣòfin ní 2002. Ó di igbákejì mínísítà, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, ó sì pàdánù àga rẹ̀ ní ìdìbò 2007. Iṣẹ́ tó ṣe kí ó tó jókòó lórí àga yẹn, òun náà ló ń ṣe lọ nígbà tó dìde kúrò níbẹ̀.

Bí aṣòfin yín bá dáhùn, ẹ fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ìbò tó máa dárúkọ, kí n lè lọ ka ìwé ìjókòó ọjọ́ yẹn kí n sì sọ fún yín bí ìlà náà ṣe rí kí wọ́n tó dìbò àti lẹ́yìn rẹ̀.